Aago ọwọ́ olówó ńlá: èwo ni ìtọ́jú rẹ̀ máa bá ọ lára mu ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ra aago ọwọ́ olówó ńlá, orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣé Rolex ni, ṣé Omega ni, ṣé Cartier ni? Ohun tí wọn kì í béèrè ni irú ayé tí aago ọ̀hún máa jẹ lọ́wọ́ wọn. Omi àlùwàlá ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, òógùn ọ̀sán gangan lórí zemidjan (ọ̀kadà), eruku ọyẹ́, ọ̀rinrin ọ̀sà tí kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ dénú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): àwọn wọ̀nyí ló ń pa aago lọ́dọ̀ wa kí ọjọ́ orí tó pa á. Àwọn tó ń kọ ìwé ìtọ́ni sínú páálí aago ní Siwisalandi kò ronú kan bútà rárá.

Nítorí náà, mo fi wọ́n wé ara wọn bí wọ́n ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé láàárín wa. Tèmi ni pé bí aago ṣe dí mọ́ omi tó, àti ohun tí wọ́n fi dè é mọ́ ọwọ́, ṣe kókó ju ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú rẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oníbátìrì, ọ̀tòmátíìkì, tàbí èyí tí à ń fọwọ́ ká

Aago oníbátìrì ni wọ́n máa ń kọ quartz sí lójú. Òkúta kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ni kì í fi í yẹ̀ bọ̀rọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lè fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 yẹ̀ lóṣù. Grand Seiko tó ní ẹ̀rọ 9F, ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ́dún ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Seiko ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ sọ́jà, Astron, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ará Siwisalandi. Àwọn kan máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ pé aago oníbátìrì kì í ṣe aago ọlọ́lá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó ń wo aago nítorí àkókò, tí kì í ṣe nítorí àtifi hàn, kò ní rí èyí tó rọrùn jù ú lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju ohun méjì lọ. Bátìrì máa ń lò tó ọdún méjì sí márùn-ún, ó sinmi lórí irú aago náà. Tó bá ti kú, ẹ tètè yọ ọ́, kódà bí ẹ kò bá ṣetán láti fi tuntun sí i, nítorí bátìrì tó ti kú tí a fi sílẹ̀ nínú aago máa ń yọ omi, omi yẹn sì ń jẹ ẹ̀rọ. Èkejì ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n wo òrùka rọ́bà tó dí i, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti fẹ̀ tàbí tó ti le gan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba aago tó dára jẹ́, nítorí bátìrì tí kò ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan sẹ́fà lọ.

Ọ̀tòmátíìkì kò ní bátìrì. Irin kan tó rí bí ìlàjì àwo ló ń yí nínú rẹ̀ bí apá ṣe ń mì, ó ń ká sípíríǹgì, sípíríǹgì sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń lù ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ gbé e sétí lóru kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń sáré. Tí ẹ bá bọ́ ọ sílẹ̀, á ṣì máa ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 40 sí 70 kó tó dúró. Tó bá dúró, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ fọwọ́ yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní bí ìgbà 20 sí 30, ẹ fi àkókò sí i, ó parí. Àpótí oníná tí wọ́n ń tà pé kó máa yí aago nígbà tí ẹ kò bá wọ̀ ọ́, èmi kò rí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Àmọ́ ọ̀tòmátíìkì kò lè péye bí oníbátìrì. Ìwọ̀n tí ilé ìdánwò COSC ní Siwisalandi fi ń fún ẹ̀rọ aago ní ìwé ẹ̀rí ni kó má ṣe fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 4 lọ́ra, kó má sì fi ju 6 yára lójúmọ́. Rolex tún dín in kù sí 2 síwájú, 2 sẹ́yìn. Nítorí náà, aago tó tó owó ilẹ̀ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yára lóṣù, kò sì tíì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé aago lọ fún àtúnṣe tí kò nílò rẹ̀ nítorí pé wọn kò mọ èyí. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni kó ṣàdédé máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan yára lójúmọ́ kan ṣoṣo. Máginẹ́ẹ̀tì ló sábà ń fà á: sípíkà, ilẹ̀kùn fíríìjì, pọ́ọ̀sì fóònù tó ń fúnra rẹ̀ pa dé. Sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun á lẹ̀ mọ́ra wọn, aago á sì máa sáré. Oníṣẹ́ tó bá ní ẹ̀rọ tó ń fa máginẹ́ẹ̀tì kúrò kò ní lò tó ìṣẹ́jú kan lórí rẹ̀, kò sì ní ṣí i.

Ohun kejì tí ọ̀tòmátíìkì kò fẹ́ ni kí nǹkan máa gbá a léraléra. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo fi ń ro èyí. Ẹni tó bá fẹ́ gún iyán, kó bọ́ aago sílẹ̀ kó tó di ọmọ odó mú. Ohun tó gbé aago ró lórí tábìlì lè má gbé e ró lójú odó. Àáké àti ọkọ́, bákan náà. Èyí tó jẹ́ oníbátìrì máa ń fara dà á jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà, ẹ ṣàánú rẹ̀.

Èyí tí à ń fọwọ́ ká kò wọ́pọ̀ mọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ká a. Ẹ bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó ká a kí irin kókó rẹ̀ má bàa tẹ̀, ẹ sì dúró níbi tó bá ti le. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má rà á.

| Ohun tí à ń wò | Oníbátìrì | Ọ̀tòmátíìkì | Àfọwọ́ká |
|---|---|---|---|
| Bó ṣe péye tó | Ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 15 yẹ̀ lóṣù | Ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan yẹ̀ lójúmọ́ | Bíi ọ̀tòmátíìkì |
| Iṣẹ́ ojoojúmọ́ | Kò sí | Ẹ sáà máa wọ̀ ọ́ | Ẹ máa ká a |
| Ìgbà tó ń lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ | Tí bátìrì bá kú | Omega: ọdún 5 sí 8. Rolex: bí ọdún 10 | Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀tòmátíìkì |
| Ọ̀tá rẹ̀ | Bátìrì tó ti kú nínú rẹ̀ | Máginẹ́ẹ̀tì, gbígbá | Ìgbàgbé, ọwọ́ líle |

Ọdún tí mo kọ síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ilé-iṣẹ́ ni. Òróró inú ẹ̀rọ máa ń gbẹ, irin á sì máa ha irin láìjẹ́ pé aago dúró. Owó tí ẹ máa san láti tú ọ̀tòmátíìkì palẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òróró tuntun sí i, tó ra aago oníbátìrì tuntun tó gbayì. Kí ẹ ti fi sínú ìṣirò ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rà á ni.

Omi: nọ́ńbà ẹ̀yìn aago

Nọ́ńbà mítà tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago ń tan èèyàn jẹ. 30 mítà kò túmọ̀ sí pé ẹ lè fi rì sínú omi dé 30 mítà. Ìdánwò ilé-iṣẹ́ ni, lórí aago tuntun. Lójú ayé, 30 mítà ni òjò díẹ̀ àti omi tó ta sí i nígbà tí ẹ ń fọwọ́. Ọ̀pọ̀ Cartier Tank wà níbẹ̀. 50 mítà lè gba omi àlùwàlá tí rọ́bà rẹ̀ bá ṣì lágbára, ṣùgbọ́n èmi kò ní wọ̀ ọ́ wẹ odò. Omega Speedmaster tó dé orí òṣùpá ní 1969 kò ju 50 mítà lọ. Ẹni tó wọ òun wọ ọ̀sà, ó ń dán Ọlọ́run wò. 100 mítà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn balẹ̀ láti lúwẹ̀ẹ́. Rolex Oyster Perpetual wà níbẹ̀, Submariner sì jẹ́ 300.

Omi gbígbóná burú ju omi tútù lọ. Ooru á jẹ́ kí rọ́bà fẹ̀, èéfín omi á sì rọra wọlé, nígbà tí ara aago bá tún tutù, èéfín yẹn á di omi lábẹ́ dígí. Nítorí náà ẹni tó ń fi omi gbígbóná wẹ̀, kó bọ́ ọ, bó ti wù kí mítà rẹ̀ tó.

Àwa tó ń ṣe àlùwàlá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ojú ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ bọ́ ọ, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́wọ́. Omi gbọ́dọ̀ kan ara lábẹ́ rẹ̀, torí náà aago tí wọ́n fi awọ fún mọ́ ọwọ́ kò ní ṣeé ṣe láìbọ́. Oníṣéènì tó rọ̀ díẹ̀ ṣeé tì sókè tì sísàlẹ̀ kí omi ráyè. Tí ẹ bá fẹ́ máa fi í sílẹ̀ lọ́wọ́, kó jẹ́ 100 mítà sókè, kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń yí wọlé bí ìdérí ìgò. Kí ẹ sì máa yí i wọlé lóòótọ́. Tí ẹ bá ti fà á yọ láti tún àkókò ṣe, tí ẹ gbàgbé láti yí i padà, 300 mítà ti di òdo.

Tí ẹ bá ń bọ́ ọ, àpò aṣọ ni kí ẹ fi í sí. Mo ti rí i tí aago dùbúlẹ̀ sórí ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ẹni tó ni ín ti dé ilé. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ìgbà 1,825 ni lọ́dún tí ẹ fi ń ní àǹfààní láti gbàgbé rẹ̀.

Rọ́bà ń gbó bí taya ṣe ń gbó. Ẹni tí aago rẹ̀ ń rí omi lójoojúmọ́, kó máa ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí ẹ bá rí kùrukùru lábẹ́ dígí, kódà kó jẹ́ pé ó parẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan, omi ti wọlé nìyẹn. Ẹ má ki í bọ inú ìrẹsì, ẹ má gbé e sóòrùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ìpẹtà tó bẹ̀rẹ̀.

Awọ, ṣéènì, rọ́bà

Awọ ló rẹwà jù lára agbádá, òun náà ló kọ́kọ́ ń kú nílẹ̀ wa. Ẹ tú èyí tí ẹnì kan ti fi ìgbà ooru kan wọ̀, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ máa rí i pé ó ti dúdú láàárín, ìlà iyọ̀ funfun yí etí rẹ̀ ká, ojú ihò tí wọ́n ń kì í sí ti ya gígùn, òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ìbọ̀sẹ̀. Tó bá tún wà nínú dúrọ́ọ̀ lásìkò òjò, nǹkan funfun á hù lára rẹ̀. Awọ ọ̀nì tó gbówó lórí kò gba omi ju awọ màlúù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ awọ dandan, kó ní méjì tí yóò máa pààrọ̀, kó má ṣe wọ ọ̀kan náà lọ́jọ́ méjì tẹ̀léra, kó sì fi í sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ní alẹ́. Lọ́fínńdà, ọwọ́ kejì ni kí ẹ fín in sí.

Ṣéènì irin ni mo fara mọ́ fún Àjàṣẹ́. Òógùn kò wọnú rẹ̀, omi kò sì ṣe é ní nǹkan. Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé ìdọ̀tí ń kó sáàárín oríkèé rẹ̀: òógùn, ìpara àti eruku á pò pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú, iyanrìn inú rẹ̀ á sì máa ha àwọn píìnì kéékèèké. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ṣéènì á máa wọ́ bí okùn, kò ní dúró mọ́.

Fífọ̀ rẹ̀ kò ní wàhálà. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kókó ẹ̀gbẹ́ ti wọlé. Ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ oríkèé kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn, pàápàá ibi tí wọ́n ti ń pa á dé. Ní fífọ̀ àkọ́kọ́, omi abọ́ yẹn máa dúdú débi pé ojú á tì yín. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Tí ara aago kò bá ju 30 mítà lọ, ẹ yọ ṣéènì kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fọ̀ ọ́, aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nu ara aago fúnra rẹ̀. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, ẹ má lo eérú, ẹ má sì jẹ́ kí omi jàfẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun kàn án láéláé. Ó ń jẹ irin tí a sọ pé kì í dípẹtà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lásìkò ooru. Omi ọ̀sà tó bá kàn án, kí ẹ ṣàn án kúrò lọ́jọ́ náà, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Rọ́bà dára fún oko àti fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà kiri. Oògùn tí wọ́n ń fín sára nítorí ẹ̀fọn ni kí ẹ ṣọ́: èyí tó ní DEET ń yọ́ rọ́bà àti ike. Ẹ fín in, kó gbẹ, kí ẹ tó wọ aago.

Dígí àti ara

Dígí sáfáyà le dé 9 nínú ìwọ̀n Mohs tó parí sí 10, iyanrìn wà ní 7. Eruku ọyẹ́ Kétu kò lè ha á, àmọ́ ó lè ha irin àti wúrà tó yí i ká. Nítorí náà ẹ má ṣe fi etí agbádá nu eruku gbígbẹ kúrò; ẹ fẹ́ ẹ dànù tàbí kí ẹ ṣàn án. Dígí oníke tó wà lára àwọn aago àtijọ́ máa ń tètè ní ojú híha, ṣùgbọ́n ó ṣeé dán padà.

Wúrà rọ̀ ju irin lọ, ó sì máa ń gba ipa nǹkan tó bá kọ lù ú. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ọkùnrin kì í wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, owó yín sì dín kù níbẹ̀. Tí wọ́n bá kàn fi wúrà bò ó lójú, òógùn àti ìfọwọ́rà á hó o. Kò sí ìtọ́jú tó lè dá a padà.

Oníṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí

N kò ní bá wọn bú àwọn tó jókòó sídìí àpótí dígí wọn nítòsí ọjà Ouando. Tí ẹ bá fẹ́ yọ oríkèé kan lára ṣéènì, tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ awọ, tí píìnì já, àwọn ni kí ẹ lọ bá, iṣẹ́ ọwọ́ wọn yára. Ibi tí mo ti ya ọ̀nà ni ṣíṣí ẹ̀yìn aago olówó ńlá. Ẹ̀yìn Rolex ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí, ìlà funfun mẹ́ta gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá títí di òní. Tí ọdún márùn-ún tí Rolex tàbí Omega fi ṣe onídùúró kò bá tíì pé, ẹ lè pàdánù rẹ̀ bí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá ṣí i.

Kútọnu kò ju bí 30 kìlómítà lọ sí Àjàṣẹ́, Èkó náà kò jìnnà. Ẹ wo orúkọ àwọn tí ilé-iṣẹ́ aago yín fọwọ́ sí lójú ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní láti ka ọ̀nà mọ́ owó aago, ìdí nìyí tí oníbátìrì fi ń wù mí fún wọn. Kí ẹ tó fi aago sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń dán omi wò, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n dán ara rẹ̀ pé kó lè máa kọ mọ̀nà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dán aago ni irin ń kúrò lára rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á sì rí i.

Èwo ni kí n yàn fún ta ni?

Áfáà tàbí ẹnikẹ́ni tí kì í fi ìrun ṣeré: irin, ṣéènì, 100 mítà sókè, kókó tó ń yí wọlé. Bátìrì tàbí ọ̀tòmátíìkì, ọwọ́ yín ló wà.

Ìyá oníṣòwò tó ń ka owó láti àárọ̀ dalẹ́: oníbátìrì lórí ṣéènì. Tó bá fẹ́ Cartier dandan, kó wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó, kó bọ́ ọ kó tó wọ ilé ìdáná.

Ẹni tó jẹ́ pé òde ló ń wọ aago sí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù: oníbátìrì ló dára jù. Tó bá ra ọ̀tòmátíìkì tó ní déètì, kó má ṣe yí déètì rẹ̀ láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́ta òru, nítorí eyín ẹ̀rọ ti wọnú ara wọn lásìkò náà, ó sì lè kán. Kó kọ́kọ́ yí ọwọ́ aago sí mẹ́fà, kó tó fọwọ́ kan déètì.

Ẹni tó jogún aago bàbá rẹ̀: mítà ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́, ẹ má jẹ́ kó rí omi. Ẹ má ká a kí oníṣẹ́ tó fọ inú rẹ̀, òróró rẹ̀ ti lè di ẹrẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ti ṣáájú ọdún 1960, tí ojú rẹ̀ ń tàn lókùnkùn tàbí tó ní ọ̀dà tó ti pọ́n bíi tábà lórí nọ́ńbà, ó ṣeé ṣe kí rádíọ́ọ̀mù wà nínú ọ̀dà náà, èyí tó léwu tí èèyàn bá fà á símú tàbí tó gbé e mì. Ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí dígí rẹ̀ lórí tábìlì tí ẹ ti ń jẹun.